Gìtá Tó Wà Lápá Òsì

Lóṣù yìí nìkan, ọmọ mẹ́ta ló ti wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní Boribana, ní Abidjan níbí, tí oníkálukú wọn ní òun fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ kí òun máa po orin. Wọ́n á pè mí ní bàbá àgbà lédè Faransé, wọ́n á ní, "Vieux père, ẹ sọ fún wa, ṣé iṣẹ́ yín dáa?" Mo máa ń fún wọn lómi mu, mo sì máa ń ní kí wọ́n máa lọ. Ó wá sú mi. Mo ní kí n kọ èsì mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó mọ̀wé kà á, kí ẹnu mi sinmi.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n gba ohùn gìtá sílẹ̀, kí n tò ó mọ́ ìlù àti ohùn akọrin, kí ọ̀kan má bo ìkejì mọ́lẹ̀, ìyẹn ni pípo orin. Fún bí ogún ọdún tó kẹ́yìn, gìtá onírin ni mo gbájú mọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní mẹ́tàlì, orin tó ń hó bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ páànù. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni mo ti ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí mo rí nídìí rẹ̀, kó gbójú sókè wo òrùlé mi.

Ìgbòho ni wọ́n ti bí bàbá mi. Abọ́ ìdáná ló ń tà ní Adjamé, ó sì fẹ́ kí n jókòó ti abọ́. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn abọ́ náà, àmọ́ ìró rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Mo máa ń fi ọ̀kan lu èkejì láti mọ èyí tó dún jù, títí bàbá mi fi rí i pé ọjà mìíràn ti ń ya létí kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀ lẹ́yìn ibùdó gbaka, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò. Yorùbá Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ni ọkùnrin náà, Ọ̀gá Ṣábẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Bàbá mi ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ. Bó bá ṣorí kunkun, ẹ nà án." Ọ̀gá Ṣábẹ̀ gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà kíákíá.

Odindi ọdún kan ni mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wáyà ni mò ń ká. Bí mo bá ká a tó lọ́, ọ̀gá á tú u, á jù ú sílẹ̀, á ní kí n tún un ká, torí wáyà tó bá lọ́ máa ń já nínú, èèyàn kì í sì í mọ ibi tó ti já. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ etí mi. Á fi aṣọ dì mí lójú, á lu gìtá kan náà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́nà méjì, á ní kí n sọ èyí tí máìkì sún mọ́. Bí mo bá ṣì í, orí ìka rẹ̀ á ti bà mí ní àtàrí kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ojú kì í gbọ́ orin."

Òfin kan wà nínú yàrá yẹn tó ju gbogbo òfin lọ. Bí ọ̀gá bá ń po ohùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu, ì báà jẹ́ ẹni tó ni orin. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan wá, wọ́n jókòó, ọ̀gá ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ pé téèpù ti ń falẹ̀, ohùn àwọn obìnrin náà ti ń dà bíi ti ọkùnrin. Mo ní, "Ọ̀gá, téèpù ń falẹ̀." Ó pa ẹ̀rọ, ó wò ó, ó rí i pé rọ́bà tó ń yí i ti fẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó parí iṣẹ́, ó sì sin àwọn àlejò dé títì. Ìgbà tó padà wọlé ló ní kí n bọ́ síta, kí n lọ jókòó létí gọ́tà fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ lójú àlejò. Bí àlejò bá mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ mi ń bá mi gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe?"

Mo jókòó létí gọ́tà. Oòrùn pa mí, àwọn ọmọ gbaka ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a máa ń fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni Ọ̀gá Ṣábẹ̀ fi nà mí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o ní gbogbo Adjamé, mo sì lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kú, mo kó ìwọ̀nba ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ lọ sí Boribana, mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo ògiri yàrá ẹ̀yìn, mo sì di ọ̀gá ara mi. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, a ó dáwọ́ dúró, a ó jẹ garba, ẹ̀gẹ́ rírin àti ẹja díndín, a ó máa wo ọ̀sà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gìtá onírin, ṣe ni mo sáré yọ wáyà lára iná. Olùkọ́ kan láti Abobo ló gbé gìtá rẹ̀ wá. Ó so ó mọ́ ampilí, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ó fọwọ́ kan okùn, nǹkan náà sì hó gbàràrà. Mo rò pé ampilí mi ti jóná ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Non, vieux père, c'est comme ça. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn." Mo ní kó tún un ta. Aládùúgbò mi kan yọjú lójú fèrèsé, ó bi wá bóyá a ti ń ṣe ilẹ̀kùn irin níbẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, gbogbo gìtá yòókù ń dún létí mi bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kó má bàa bá mi wọ sàréè. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á yí bọ́tìnnì ìhó dé ìpẹ̀kun, á gbádùn ara rẹ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti wọlé, gìtá rẹ̀ á di èéfín. Dín ìhó náà kù. Gé ìsàlẹ̀ ohùn gìtá kúrò, torí báàsì ló ni ìsàlẹ̀, ilé oníyàrá kan ni, ẹ ò lè jọ sùn síbẹ̀. Má kọjú máìkì sí àárín gbùngbùn àpótí. Sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ìka méjì. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni pé ẹni kan náà gbọ́dọ̀ ta orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ó fi àkọ́kọ́ sí apá òsì olùgbọ́, o ó fi ìkejì sí apá ọ̀tún. Wọ́n á jọra bí ìbejì, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo, ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn ló ń jẹ́ kí gìtá fẹ̀ bí ògiri. Ọ̀lẹ ló ń ta á lẹ́ẹ̀kan tó wá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí apá kejì. Mo ti lé ọ̀lẹ púpọ̀ jáde nínú yàrá yẹn.

Téèpù ni mo fi kọ́ṣẹ́, abẹ ni a fi ń gé e tí a fi ń tún un lẹ̀. Lẹ́yìn téèpù ni kásẹ́ẹ̀tì dé, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà dé, irun mi sì ti ń funfun nígbà tí mo kọ́ ọ. Ní báyìí, ampilí náà ti wọnú kọ̀ǹpútà, àwòrán lásán ni. Kì í gbóná, kì í rùn, kò sí aládùúgbò tó máa yọjú. Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé àwọn ọmọ ń fi ojú po orin. Ìlà méjì wà tó máa ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, láti fi hàn bí ohùn ṣe ga tó. Ìlà yẹn ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́. Mo gé páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, mo fi bo ìlà méjèèjì. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ wòran kó lọ wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé etí nìkan ni vieux père fi ń ṣiṣẹ́, inú mi sì ń dùn.

Nínú gbogbo àwọn tó wá, Lasísì ni mo fẹ́ràn jù. Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ìyá rẹ̀, ará Ṣakí tó ń ta ike ní Adjamé, ló fúnra rẹ̀ mú un wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò mọ nǹkan tí ọmọ yìí ń kọ. Ẹran tí wọ́n ń pa gan-an kì í ké tó báyìí. Ẹ bá mi mójú tó o. Bó bá gbó yín lẹ́nu, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Lasísì nígbà náà, wẹ́dà ni ní Abobo Gare, ilẹ̀kùn àti fèrèsé irin ló ń jó pọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ní kí òun fi dáhùn, Faransé ló máa ń parí rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Tôle Rouillée, ìyẹn páànù tó ti dípẹtà. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà kì í yẹ̀. Bó bá ta orin kan lẹ́ẹ̀kejì, èmi gan-an máa ń dúró díẹ̀ kí n tó mọ èyí tí í ṣe àkọ́kọ́.

Àwọn kan tó ń ṣe àjọ̀dún orin onírin ní Yúróòpù wá ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n fi orin mẹ́fà ránṣẹ́. Bó bá dáa, wọn yóò wá kọrin lọ́hùn-ún. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ rí. Onílù wọn ti gba ìwé láti lọ máa gbé ní Kánádà, nítorí náà ìlù la kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó tó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, oṣù mẹ́rin ni Lasísì fi ń ti Abobo wá lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ojú pípọ́n látàrí iná wẹ́dà, kó lè ta gìtá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mejì.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níbí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tí etí òsì mi ti ń hó, bí ìgbà tí omi wọ̀ ọ́. Mo da òróró lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, mo ní òtútù ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òtútù. Ta ni kí n sọ fún? Etí ni ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Adjamé pé etí vieux père ti ń kú, ta ni yóò tún gbé gìtá wá?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo po orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lasísì àti àwọn méjì tó kù jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn mi, wọn ò sọ̀rọ̀, torí òfin Ọ̀gá Ṣábẹ̀ ni òfin mi. Gìtá apá òsì ń sá fún mi. Mo gbé e sókè. Ó tún ń sá. Mo tún gbé e sókè, títí tó fi bá ti ọ̀tún dọ́gba létí mi. Mo yíjú padà lẹ́ẹ̀kan. Lasísì ń wo ilẹ̀, akọrin wọn ń wo Lasísì. Mo rò pé ìtẹríba ni. Nígbà tí mo parí, mo ní, "Ó ńkọ́?" Lasísì dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dáa, c'est bon."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ìyá Lasísì dé, ó ru ọsàn wá. Ó kí mi títí, ó béèrè ara ilé àti ara oko, ó tún kí mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níkùn rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn òyìnbó yẹn ti fèsì. Wọ́n ní orin náà dùn mọ́ àwọn."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní... ọmọ ló ní kí n bá òun sọ ọ́, ojú yín ń ti òun... wọ́n ní gìtá ti pọ̀ jù lápá òsì, àwọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ti ọ̀tún. Wọ́n ní bí ẹ bá lè tún un tò kí oṣù tó parí, wọ́n á mú wọn."

"Ìyá Lasísì, kí lẹ mọ̀ nípa gìtá?"

"Mi ò mọ nǹkan kan o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

"Lasísì ńkọ́? Ṣé òun náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Ó tẹjú mọ́ ọsàn rẹ̀. Ó ní, "Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi. Kì í ṣe pé wọ́n ní iṣẹ́ mi wọ́, ṣùgbọ́n pé ọmọ mẹ́ta jókòó sẹ́yìn mi, tí gbogbo wọn gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́, tí wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́. Mo ní kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ wá ẹni tí etí rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Bó ti jáde tán, mo tan kọ̀ǹpútà, mo pa gbogbo ohun tí a gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rẹ́: gìtá méjèèjì, báàsì, ohùn, àti ìlù ọmọ tó ti lọ sí Kánádà. Ẹ̀dà kan wà níbi tí mo ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Mo pa ìyẹn náà rẹ́. Inú bíbí kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, kò sì dá ọwọ́ mi dúró. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni àtúntò yẹn ì bá jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi Ràbíátù pè mí wá jẹun, mi ò gbọ́. Ó yí gba ọ̀tún mi wá, ó gbé àwo kalẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ lọ fi etí yẹn han dókítà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń rìn lápá ọ̀tún yín."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ní, "Ṣé ẹ máa gbà ni?"

Ní ọsibítù, wọ́n fi mí sínú yàrá kótópó kan, wọ́n dé nǹkan mọ́ mi létí, nọ́ọ̀sì sì ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ohùn. Mo ṣe ti ọ̀tún, ó yá wéré. Ó kan ti òsì. Mo dúró, mo dúró. Mo bi í pé ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní ó ti parí.

Nígbà tí mo délé, mo ya páálí kúrò lójú kọ̀ǹpútà, mo lu orin yẹn, èyí tí mo ti pò tán tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó, èyí tó wọ́, tó jẹ́ òun nìkan ló kù láyé. Ìlà òsì ń lọ kan òkè, ti ọ̀tún ń rá nílẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá wò ó ì bá sọ fún mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ. Oṣù náà parí. Akọrin wọn ń ta fóònù ní Adjamé báyìí, Lasísì sì gbájú mọ́ ilẹ̀kùn irin rẹ̀. Mi ò po orin kankan mọ́ láti ìgbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dáa, ó dáa. Ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ lọ máa yẹ etí yín wò lọ́dọọdún, ẹ má jẹ́ kí ariwo pa yín tán kí ẹ tó mọ̀. Bí ẹ bá di ọ̀gá, ẹ wá ẹnìkan tí yóò máa sọ fún yín pé ẹ ti ṣì í, kí ẹ sì máa bu omi fún un mu. Inú mi kò tíì yọ́ sí Ọ̀gá Ṣábẹ̀. Inú mi kò yọ́ sí àwọn ọmọ mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́. Èmi tí mo pa orin rẹ́ ni inú ń bí mi sí jù.

Mo lọ sí Abobo Gare láti lọ bẹ Lasísì. Láti Adjamé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú gbaka: pé etí mi ti kú, pé mo mọ̀, pé mo fi pamọ́, pé èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìrìn àjò yẹn, pé kó foríjì mí. Ó rí mi lókèèrè. Ó ju ìbòjú wẹ́dà sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó kún fún èérún irin, kí n tó la ẹnu.

Ó ní, "Bàbá, pardon. Kò yẹ kí n rán Màmá sí yín. Mo ti rí yín fín. Ẹ foríjì mí, je vous en prie."

Mo ní, "Lasísì, dìde, èmi ni mo wá..." Kò dìde. Àwọn wẹ́dà yòókù ti pa iná wọn, wọ́n ti yí wa ká. Bàbá kan tó ń ta àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Alàgbà, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ọmọ yín ni. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́." Obìnrin kan tó wá ra fèrèsé náà kúnlẹ̀ bá a bẹ̀ mí. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń dúró de ohun tí àgbà yóò sọ.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́."

Gbogbo wọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.